Òkè Kọ́ Ló Ń Pa Ìdí Lára

Ẹni tó bá gbọ́ pé mo ti padà sórí kẹ̀kẹ́ ní Abẹ́òkúta, ọ̀rọ̀ òkè ló máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu. "Ẹ̀yin náà? Pẹ̀lú gbogbo òkè inú ìlú yìí?" N kì í bá wọn jiyàn. Nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá ń wá ibi tí ogun ò ti ní rí wọn mú ní 1830, abẹ́ àpáta ni wọ́n wá sí, wọn ò wá ilẹ̀ tó tẹ́jú. Àwa tí wọ́n bí síbẹ̀ la wá ń fi orúnkún san gbèsè rẹ̀. Láti Ìbarà dé Òkè-Ìlewó, láti Ṣápọ́n dé Aké, ibi tí ẹsẹ̀ á ti sinmi kò pọ̀.

Síbẹ̀, òkè kọ́ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ lé mi kúrò lórí kẹ̀kẹ́. Ìdí ni.

Mo mọ̀ pé àgbà obìnrin kì í la ẹnu sọ̀rọ̀ ìdí ara rẹ̀ ní gbangba. Bí orúnkún bá ń ro wá, gbogbo àdúgbò ló máa gbọ́. Bí ẹ̀yìn bá ń dùn wá, ìyá ìjọ á gbàdúrà sí i. Ṣùgbọ́n bí ibi tí a fi ń jókòó bá bó, a ó gbé e mì, a ó máa rìn gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀, a ó ní kò sí nǹkan. Ìtìjú yẹn ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ẹni tó ra kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú ìtara gbé e ti ògiri ẹ̀yìnkùlé, tí aláǹgbá ti sọ ọ́ di ilé. Wọ́n á ní àwọn ò ráyè mọ́. Irọ́ ni. Ìdí ló ń dùn wọ́n.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé òkè gan-an ni ọ̀rẹ́ ìdí. Bí mo bá ń gun òkè, mo máa ń dìde dúró lórí pẹ́dàlì, ẹ̀jẹ̀ á ráyè kọjá, ibi tí mo fi jókòó á mí. Ọ̀nà tó tẹ́jú ni ìkà. Ẹ jáde láti Òkè-Mọ́sàn láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, kí ẹ dorí kọ Kọ́bapé, ọ̀nà tó lọ sí Ṣíún tó sì já sí Ṣàgámù. Ọ̀nà náà fẹ̀, atẹ́gùn ń fẹ́, kò sóhun tó máa mú yín dìde. Ẹ ó kàn jókòó, ẹ ó máa wa kẹ̀kẹ́, ojú kan náà ni ara yín á sì máa tẹ̀ mọ́ síìtì láìsinmi. Kó tó pẹ́, ẹ ó ti máa yí sọ́tùn-ún, ẹ ó máa yí sósì, ẹ ó máa wá ibi tí kò tíì dùn yín. Ojú ọ̀nà yẹn ni mo ti mọ̀ pé kì í ṣe ẹsẹ̀ tó lágbára ni mo ń wá. Ṣòkòtò kẹ̀kẹ́ ni, èyí tó fún mọ́ ara, tí wọ́n rán tìmùtìmù sí níbi ìdí.

Kẹ̀kẹ́ náà fúnra rẹ̀, ọmọkùnrin mi ló rà á. Ó jápa lọ sí Kánádà, ó fi í sílẹ̀ fún mi pẹ̀lú fìríìjì tí kò tutù mọ́ àti ìdìpọ̀ ìwé yunifásítì. Dókítà sì ti ní kí n wá eré ìdárayá tí kò ní máa gbọn orúnkún mi. Mo wo kẹ̀kẹ́, kẹ̀kẹ́ wò mí. Kì í ṣe pé n kò mọ̀ ọ́n gùn. Orí Raleigh bàbá mi ni mo ti kọ́ ọ nígbà tí mo wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí mo máa ń ki ẹsẹ̀ kan gba abẹ́ irin àárín nítorí pé n kò lè dá orí síìtì dé pẹ́dàlì. Ṣùgbọ́n ilé ọkọ, ọmọ títọ́, iṣẹ́ ìjọba, gbogbo rẹ̀ ti gba àárín wa.

Bàbá mi ò wọ ṣòkòtò kẹ̀kẹ́ rí láyé rẹ̀. Káàkí ni, tàbí ṣòkòtò oko, ó sì ń lọ sí oko lọ́nà Ọdẹ́dá, ó ń bọ̀. Àwọn àgbà kan máa ń fi ìyẹn bú wa pé ara wa ti di ti ajẹ́bọ́tà. Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Síìtì kẹ̀kẹ́ ayé ìgbà yẹn, awọ líle ni wọ́n nà sórí irin, sípíríǹgì wà lábẹ́ rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Brooks ti ìlú Birmingham, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1866, ló sọ irú rẹ̀ di ohun tí gbogbo ayé mọ̀. Bí èèyàn bá ti ń jókòó lé awọ náà lójoojúmọ́, yóò máa tẹ̀ wọlé díẹ̀díẹ̀ níbi tí eegun onítọ̀hún bá wà, títí yóò fi bá òun nìkan mu. Bàbá mi kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni yá kẹ̀kẹ́ rẹ̀; ahun la pè é nígbà náà. Yàtọ̀ sí síìtì, ọwọ́ kẹ̀kẹ́ náà ga, tí bàbá á fi jókòó nàró. Kì í sáré. Bó bá dé ìdí òkè, á sọ̀ kalẹ̀, á tì í gòkè, á máa kí àwọn èèyàn bó ṣe ń lọ. Kẹ̀kẹ́ ọmọ mi kò ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀. Síìtì rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó le gan-an, ọwọ́ rẹ̀ wálẹ̀ tó fi jẹ́ pé ṣe lèèyàn máa tẹ̀ síwájú. Ẹni tó jókòó nàró àti ẹni tó tẹ̀ síwájú, ibi tí wọ́n gbé ara lé kì í ṣe ọ̀kan náà.

Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí. Eegun méjì ló wà nísàlẹ̀ ìbàdí, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Ẹ jókòó sórí àga líle, kí ẹ rọra mì, ẹ ó mọ̀ wọ́n lára. Àwọn ni Ọlọ́run dá láti gbé wa. Àárín àwọn méjèèjì, níbi tí ẹran rírọ̀ wà, iṣan àti òpó ẹ̀jẹ̀ ló ń gba ibẹ̀ kọjá, kò sì yẹ kí ohunkóhun máa tẹ̀ ẹ́ pẹ́. Gbogbo ọgbọ́n tó wà nínú ṣòkòtò kẹ̀kẹ́ kò ju èyí lọ: kí ìwúwo wa dúró lórí eegun, kó má bọ́ sórí ẹran àárín, kí nǹkan kan má sì máa ha awọ ara. Ìbàdí obìnrin sábà máa ń fẹ̀ ju ti ọkùnrin lọ, torí náà eegun méjì yìí jìnnà síra díẹ̀ lára tiwa. Tìmùtìmù inú ṣòkòtò tí wọ́n rán fún ọkùnrin kì í fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn. Obìnrin tó bá wọ ọ́, etí tìmùtìmù náà gan-an ni eegun rẹ̀ á bọ́ sí, etí yẹn á sì máa gé e lára.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí tirẹ̀ ṣe jìnnà síra tó, kó ya páálí Indomie kan, kó gbé e sórí àga tí kò ní fóòmù, kó jókòó lé e, kó gbé orúnkún sókè díẹ̀, kó ní sùúrù fún bíi ìṣẹ́jú kan. Bó bá dìde, yóò rí ojú ibi méjì tó tẹ̀ wọlé. Kó fi rúlà wọn àárín wọn. Ti ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń wà láàárín sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15. Mo ti ilẹ̀kùn yàrá kí n tó wọn tèmi, nítorí àbúrò ọkọ mi wà ní pálọ̀, n kò sì mọ ẹnu tí máa fi ṣàlàyé pé páálí ni mo jókòó lé.

Ọmọ mi ló kọ́kọ́ sọ gbòógì inú ọ̀rọ̀ náà fún mi, kò sì rọrùn fún un. Mo pè é lórí fóònù, mo ní kó sọ ohun tí òun máa ń ṣe tí ara òun kì í fi í bó. Ó dákẹ́. Mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ.

"Mọ́mì, ẹ má bínú o, kí lẹ ń wọ̀ sábẹ́ ṣòkòtò tí ẹ fi ń gun kẹ̀kẹ́?"

Mo ní irú ìbéèrè wo nìyẹn. Ó ní òun á tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́. Ohun tó wọlé sórí WhatsApp mi kò ju ìlà kan lọ: "Ẹ má wọ pátá sí i, Mọ́mì." Èmi tí mo na ọmọ yìí nígbà kan rí nítorí pé ó jáde sí ìta láìwọ pátá!

Àmọ́ òótọ́ ló sọ. Pátá ní ojú rírán níbi ìpàdé itan, òwú rẹ̀ ń mu òógùn, kì í sì í tètè gbẹ. Ohun tó tutù, tó ní ojú rírán, tó tún ń yí kiri láàárín awọ ara àti tìmùtìmù, òun gan-an ló ń bó èèyàn. Ṣòkòtò kẹ̀kẹ́ ni pátá ara rẹ̀. Ara ni wọ́n ṣe é kó kàn. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ jáde bẹ́ẹ̀, mo ń wo gbogbo ẹni tó bá kọjá ní Pánṣẹ́kẹ́ bí ẹni pé wọ́n mọ̀. Kò sẹ́ni tó mọ nǹkan kan. Ìyàtọ̀ tó sì wà nínú rẹ̀, ẹnu ò lè sọ ọ́.

Kì í ṣe òní làwọn elérè kẹ̀kẹ́ ti ń bá ọ̀rọ̀ yìí jà. Nígbà tí ìdíje Tour de France bẹ̀rẹ̀ ní 1903, irun àgùntàn ni wọ́n fi ń hun aṣọ tí wọ́n ń wọ̀. Wọ́n tún wá ń rán awọ sí inú ìdí ṣòkòtò, awọ chamois, ẹran kan tó ń gbé lórí àwọn òkè ńlá Yúróòpù. Awọ náà ń rọ̀ nígbà tí ó bá jẹ́ tuntun, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fọ̀ ọ́ tó gbẹ, á gan. Wọ́n ní láti máa fi ìpara ra á lára kó tó tún ṣeé wọ̀. Ní 1958 ni Joseph Shivers, tó ń ṣiṣẹ́ fún DuPont ní Amẹ́ríkà, ṣe òwú kan tó ń fà gan-an tó sì ń padà sí bó ṣe wà. Òun la mọ̀ sí Lycra lónìí. Irun àgùntàn tó ti mu òógùn á sọ̀ sílẹ̀, á ká jọ. Lycra á lẹ̀ mọ́ ara, ohun tó bá sì lẹ̀ mọ́ ara kò ní máa rìn lórí rẹ̀. Ìdí abájọ nìyẹn tí ṣòkòtò kẹ̀kẹ́ fi fún, kì í ṣe nítorí oge, bí àwọn kan ṣe ń fi ojú wò ó.

Nígbà tí mo ń wá èyí tí máa rà, ọjà Kútò ni mo kọ́kọ́ dé. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń ta òkìríkà, Kàtángówà l'Ékòó ló ti ń ra béèlì tirẹ̀. Mo ṣàlàyé ohun tí mo ń wá fún un. Ojú rẹ̀ là, ó fa ṣòkòtò dúdú kan yọ láti abẹ́ òkìtì, ó tẹ fóòmù inú rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, èyí lẹ ń wá! Àwọn ọmọge ń rà á lọ́wọ́ mi gan-an. Bẹ́ẹ bá wọ ọ́ sábẹ́ gáùn, ìdí á yọ dáadáa." Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Àṣé gbogbo ṣòkòtò kẹ̀kẹ́ tó ń wọ ọjà náà, òde ijó ni wọ́n ń gbé e lọ.

N kò lòdì sí òkìríkà, òun ni mo fi tọ́ ọmọ. Ṣùgbọ́n ṣòkòtò kẹ̀kẹ́ òkìríkà gba ojú inú. Ẹ ká fóòmù rẹ̀ méjì, kí ẹ fún un pọ̀ dáadáa, kí ẹ tú u sílẹ̀. Bí kò bá padà sí bó ṣe wà ní kíá, ó ti kú, kò lè gbé ẹnikẹ́ni mọ́. Lẹ́yìn náà, kí ẹ na apá ibi ìdí rẹ̀ sójú oòrùn. Bí ẹ bá rí ìlà funfun wẹ́wẹ́ tàbí tí ẹ rí ìka yín ní òdìkejì, rọ́bà inú òwú náà ti gbó, bí ẹ bá sì tẹ̀ síwájú lórí kẹ̀kẹ́, gbogbo ẹni tó wà lẹ́yìn yín ló máa rí ohun tí kò yẹ kí wọ́n rí. Ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó tún wà níbẹ̀. Ṣòkòtò tí wọn kì í wọ pátá sí, tí ẹlòmíràn ti làágùn sí fún ìgbà tí a ò mọ̀... Mo dá a padà sórí òkìtì. Mo ra bùláòsì lọ́wọ́ rẹ̀ kí n má bàa fi ọwọ́ òfo kúrò.

Láti ibẹ̀ ni mo ti gba ọ̀dọ̀ Ìyá Ràṣídà lọ, aránṣọ mi tó wà lẹ́bàá Ìtòkú. Ohun tí obìnrin yìí kò bá lè rán, ẹ jẹ́ ká gbà pé kò ṣeé rán. Mo ra aṣọ tó ń fà, mo yàwòrán ohun tí mo ń fẹ́ sẹ́yìn ìwé risíìtì. Ó wò ó, ó wò mí.

"Àǹtí, ṣé fóòmù inú kọ́mú ni ká fi sí i?"

"Òun lẹ ní?"

"Òun ló wà ńlẹ̀."

Ó rán an, ó sì rẹwà lójú. Ara mi ò gbà á. Ìlà ojú rírán mẹ́rin ló pàdé lójú kan ṣoṣo, ojú yẹn gan-an sì ni ibi tí kò yẹ kí nǹkan kan wà. Ẹ̀rọ tó fi ká etí aṣọ náà fi okùn ṣíṣù sílẹ̀ nínú. Nínú ṣòkòtò tí wọ́n ṣe fún kẹ̀kẹ́, wọ́n máa ń rán ojú aṣọ pẹlẹbẹ, wọ́n sì máa ń gbé ojú rírán kúrò lábẹ́ eegun pátápátá. Ti fóòmù kọ́mú ló tún burú jù. Nígbà tí mo fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù, ó rọ̀ mí lọ́rùn. Nígbà tí mo jókòó lé e tán, kò sí níbẹ̀ mọ́.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí, tó fi mọ́ àwọn tó ń tajà fún wa. Rírọ̀ kọ́ ni ìrọ̀rùn. Fóòmù tó rọ̀ jù, eegun á rì sínú rẹ̀. Bí eegun bá ti rì, fóòmù tó kù láàárín á ru sókè, á wá máa tẹ ẹran rírọ̀ tí a ní kí nǹkan kan má fọwọ́ kàn. Bí ibẹ̀ ṣe máa ń kú nìyẹn, tí èèyàn ò ní mọ̀ ọ́n lára mọ́. Ohun kan náà ló ń ṣe àwọn tó ń ra ìbòrí síìtì onífóòmù gbẹ̀ǹdẹ̀ǹkẹ̀. Ó máa ń dára tí èèyàn bá fi lọ ra búrẹ́dì ní ìkòríta. Bó bá ti di ọ̀nà jíjìn, ìyà ni. Tìmùtìmù tó dára fún ọ̀nà jíjìn kì í nípọn púpọ̀, ó máa ń le díẹ̀ níbi tí eegun máa bà lé, ó sì máa ń fẹ́lẹ́ sí i bó bá ti ń lọ sí etí, tí ọwọ́ ò fi ní mọ ibi tó parí sí. Àwọn ará Ítálì ló mọ iṣẹ́ yìí jù. Ilé-iṣẹ́ kan níbẹ̀, Elastic Interface, ló ń ṣe tìmùtìmù fún ọ̀pọ̀ àwọn tó ń rán ṣòkòtò kẹ̀kẹ́ káàkiri ayé. Ẹni tó bá rí orúkọ yẹn lára tìmùtìmù, kó mọ̀ pé wọ́n ti fara balẹ̀ ṣe é.

Níkẹyìn, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti rí tèmi. Àwọn tó ń tà á níbẹ̀ máa ń kọ L, wọ́n á kọ XL, àmọ́ ọ̀pọ̀ ọjà tó ń wá láti Ṣáínà, ìwọ̀n àwọn èèyàn wọn ló bá lọ, ara Ẹ̀gbá tó ń jẹ láfún déédéé kò lè wọnú rẹ̀. Ẹ fi téèpù wọn ìbàdí àti ìdí yín, kí ẹ wo nọ́ńbà, kí ẹ gbàgbé lẹ́tà. Kí ẹ sì wọn ara tí ẹ ní lónìí. Mo mọ obìnrin kan tó ra èyí tó bá ara tó ní kó tó bí ìbejì mu, ó ní òun máa fọn sí i. Bí rọ́bà itan rẹ̀ ṣe ń gé e lára, kò jẹ́ kó jáde débi tó máa fọn.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ wọ tèmi, tí mo dúró níwájú dígí, mo fẹ́ dá a padà. Ó ń fà mí níwájú, ó ń ká jọ lẹ́yìn, tìmùtìmù náà gbé mi nítan. Ìgbà tí mo tẹ̀ síwájú ni gbogbo rẹ̀ tó bọ́ sí àyè rẹ̀. Wọn ò rán an fún ẹni tó ń dúró. Torí náà, ẹ má fi dígí ṣèdájọ́ rẹ̀; ẹ gbé kẹ̀kẹ́ ti ògiri, kí ẹ gùn ún nínú ilé. Èyí tó ní okùn èjìká náà wà, tí kò ní bẹ́líìtì tó ń tẹ ikùn. Àwọn ọkùnrin fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin tí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n láàárín Kọ́bapé sí Ṣíún, tó jẹ́ pé ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bọ́ ẹ̀wù òkè kó tó lè sọ okùn náà kalẹ̀, mi ò lè gbà á nímọ̀ràn. Ti ìbàdí fífẹ̀ tó ga dé ìdodo ni mo mú.

Ó wá ku ti ojú ayé. Àgbà kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán, àmọ́ kí àgbà tún wá wọ ohun tó fún mọ́ ọn láti ìbàdí dé itan, kó gba iwájú ọjà kọjá, ìyẹn tún yàtọ̀. Ní ọjọ́ kan, ìyá kan tó ń ta àkàrà ké sí mi pé, "Ìyá Kánádà, ẹ ti gbàgbé ìró yín sílé o!" N kò bínú. Ìtòkú ni mo ti rí ojútùú. Mo ra àdìrẹ, mo fi rán ṣòkòtò fẹ̀ẹ̀rẹ̀ tó dé orúnkún, òun ni mo ń wọ̀ lé ti kẹ̀kẹ́ lórí. Òwú ni, atẹ́gùn ń wọlé sí i, kò sì kan ara níbi tó lè ha á. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ wà lábẹ́, ohun tí ojú ń rí wà lókè. Ọ̀rẹ́ mi Mùsùlùmí kan tí a jọ máa ń jáde ń wọ tàìtì onítìmùtìmù tó gùn dé ọrùn ẹsẹ̀, ó sì ń wọ ẹ̀wù gígùn tí wọ́n là lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì sórí rẹ̀. Kí ẹ̀wù náà ṣáà má gùn débi tí ṣéènì máa gbá a mú.

Ooru wa ń fẹ́ àfikún ìtọ́jú. Láti oṣù kejì títí òjò yóò fi bẹ̀rẹ̀, òógùn á ti máa ṣàn kéèyàn tó kúrò ní Aṣèrò. Ìpara tí àwọn òyìnbó ń tà fún ìdí kẹ̀kẹ́, owó rẹ̀ ga. Òrí ni mo ń lò, díẹ̀ níbi tó máa ń ha, kì í ṣe pé kéèyàn kùn ún nípọn. Bó bá pọ̀ jù, yóò dí ojú fóòmù, kò sì ní tètè fọ̀ jáde. Kókó jù lọ ni pé kéèyàn bọ́ ṣòkòtò náà bó bá ti délé. Àwa kan wà tó jẹ́ pé bí a bá sọ̀ kalẹ̀, a ó jókòó ti ọlọ́fàdà, a ó máa tàkúrọ̀sọ nínú òógùn. Inú òógùn yẹn ni kòkòrò àìfojúrí ti ń ráyè wọ ihò irun tí ó ti ha, tí ìléròrò á fi yọ. Bó bá yọ, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ẹ fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ títí yóò fi jiná. Bó bá ń wú sí i tàbí tí ibà bá tẹ̀ lé e, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbà lọ. Kò sóhun tójú wọn ò rí rí níbẹ̀.

Omi tútù àti ọṣẹ rírọ̀ ni mo fi ń fọ̀ ọ́, lọ́wọ́. Bílíìsì ń pa rọ́bà òwú náà, omi gbígbóná náà ń pa á, àyọ́ọ̀nù kò gbọdọ̀ kàn án rárá. Mo máa ń yí inú rẹ̀ síta, mo sì máa ń sá a sí ibòji. Ọmọ aládùúgbò mi rí i lórí okùn, ó sáré lọ sọ fún ìyá rẹ̀ pé màmá ń wọ páḿpásì.

Kí n má pa irọ́, ṣòkòtò kò lè tún ohun tí síìtì bà jẹ́ ṣe. Bí síìtì bá ga jù, ìbàdí á máa mì sọ́tùn-ún sósì bí ẹsẹ̀ ṣe ń lé pẹ́dàlì lọ sísàlẹ̀, kò sì sí tìmùtìmù tó lè gba èèyàn lọ́wọ́ ìyẹn. Ẹ gbé gìgísẹ̀ lé pẹ́dàlì nígbà tó bá wà nísàlẹ̀ pátápátá: ẹsẹ̀ yín gbọ́dọ̀ nà tán láìjẹ́ pé ìbàdí yín yẹ̀. Imú síìtì tó bá gbójú sókè, àárín ló máa ń gún. Ẹ jẹ́ kó tẹ́jú. Bí ibẹ̀ bá ṣì ń kú lẹ́yìn gbogbo èyí, síìtì ni kẹ́ ẹ pààrọ̀, ẹ má tún ra ṣòkòtò mìíràn.

Ìyá Ràṣídà ti gbọ́ pé mo rí èyí tó dára. Ó ní kí n gbé e wá, kí òun tú u, kí òun wo bí wọ́n ṣe gbà á rán. Mo ní àfi kó wò ó láìtú u, nítorí ọ̀kan ṣoṣo ni mo ní. A jọ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí bébà, ó fi ṣọ́ọ̀kì fa gbogbo ìlà rẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ sí ara rẹ̀ pé àwọn èèyàn wọ̀nyí gbọ́n o, wọ́n gbé ojú rírán yí ẹ̀gbẹ́ itan. Gbogbo rẹ̀ ló ní òun lè rán. Fóòmù nìkan ni a ò tíì rí, gbogbo èyí tó wà lọ́jà ló rọ̀ jù. Ẹni tó bá mọ ibi tí wọ́n ti ń ta èyí tó le díẹ̀, tí kò sì nípọn, kó bá wa yà sí Ìtòkú. Ó ní òun ò ní gba owó iṣẹ́ lọ́wọ́ onítọ̀hún.